Ríra ráútà àlòkù fún ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́: ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Kí ẹ tó dúnàádúrà ráútà àlòkù kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì máa gbà wọ ilé yín. Ibí yìí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá lọ. Wọ́n á rí àpótí dúdú kékeré kan tó mọ́ tónítóní, eríàlì méjì lára rẹ̀, owó rẹ̀ kò wọ́n, wọ́n sì kọ "Wireless Router" sí i gàdàgbà. Wọ́n á gbé e délé, iná rẹ̀ á tàn, Wáífáì rẹ̀ á hàn lórí fóònù, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kò ní wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ o. Ẹ̀rọ DSL ni, kò sì sí wáyà tí wọ́n máa kì bọ̀ ọ́ nídìí.

Inú wáyà bàbà tẹlifóònù ilé ni DSL ń gbà wọlé. Ní Jámánì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, wáyà yẹn wọ ilé púpọ̀. Bí fáíbà, ìyẹn wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe ń gba ipò rẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ń kó móódẹ̀mù DSL dànù, ìdí nìyẹn tó fi ń bá ẹrù tòkunbọ̀ wọlé lówó pọ́ọ́kú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ló ni wáyà tẹlifóònù, NITEL sì ti kógbá sílé tipẹ́. Láti ìgbà tí GSM ti dé ní 2001 ni fóònù alágbèéká ti gba ipò náà. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé ní Tákíè, ní Sábó tàbí ní Under G lẹ́bàá LAUTECH, ráútà tó ń gba síìmù ni kó wá.

Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà padà kí ẹ wo àwọn ihò rẹ̀. Ihò LAN, èyí tí wọ́n ń fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́, fẹ̀, irin wẹ́wẹ́ aláwọ̀ góòlù mẹ́jọ ló tò sínú rẹ̀. Ihò DSL kéré jù ú lọ, ó rí bí ihò tẹlifóònù orí tábìlì gan-an, irin inú rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì sábà máa ń kọ DSL, ADSL tàbí LINE sí i lórí. Bí ẹ bá rí ihò kékeré yìí, tí ẹ kò sì rí ojú ibi tí wọ́n ń ki síìmù bọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ráútà síìmù kan, bíi Huawei B310 àti B315, náà ní ihò kékeré bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán tẹlifóònù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóònù orí tábìlì ni wọ́n ń so mọ́ ọn láti fi síìmù inú rẹ̀ pe èèyàn. Ìyẹn kò sọ ọ́ di DSL.

Irú kẹta tún wà tí kò ní ihò DSL, tí kò sì gba síìmù, tó kàn ní ihò WAN kan tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Pípín ni iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ mìíràn bá gbé wá. Òun nìkan kò lè dá mú ohunkóhun wọlé.

Bí ẹ bá ti ra ti DSL

Ẹ má sọ ọ́ nù. Ó lè gbé Wáífáì dé yàrá tí ti ráútà síìmù kò dé, pàápàá nínú ilé bíríkì tí ògiri rẹ̀ nípọn. Ẹ fi wáyà LAN so lápútọ́ọ̀pù mọ́ ọn, kí ẹ ṣí ojú ìwé ètò rẹ̀. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1. Ẹ kọ́kọ́ fún Wáífáì rẹ̀ ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ẹ pa DHCP rẹ̀. Ìkẹyìn ni kí ẹ yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà, nítorí bí ẹ bá ti yí i, ojú ìwé náà á já mọ́ yín lójú. Bí ráútà síìmù yín bá ń jẹ́ 192.168.8.1, kí ti DSL di 192.168.8.2. Ẹ wá fi wáyà so ihò LAN ti ọ̀kan mọ́ ihò LAN ti èkejì.

DHCP yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pín àdírẹ́sì fún fóònù tó bá wọlé. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì máa pín in lẹ́ẹ̀kan náà, fóònù kan á gba àdírẹ́sì tó dára, òmíràn á gba ti DSL tí kò ní ọ̀nà àbájáde. Ẹ ó wá rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù bàbá, kò ṣiṣẹ́ lórí ti ọmọ, inú yàrá kan náà ni wọ́n sì jókòó sí. Wáyà tó so wọ́n lè gùn tó mítà 100, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bándì: ohun tó ń ya ráútà rere sọ́tọ̀ fún àdúgbò yín

Gbogbo ráútà 4G kọ́ ló lè gbọ́ máàsì wa. Ìgbì 4G pín sí bándì lóríṣiríṣi, ráútà kò sì lè gbọ́ bándì tí wọn kò ṣe mọ́ ọn. Ní Nàìjíríà, àwọn tó yẹ kí ẹ wá ni Band 3 (1800 MHz), Band 7 (2600 MHz), Band 20 (800 MHz) àti Band 28 (700 MHz). Ráútà tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ Band 2, 4, 12, 13, 17 àti 66. Ẹ ki síìmù yín bọ inú irú rẹ̀, á ka síìmù náà, á sì máa wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kiri láìrí i. Ẹni tó ń tà á lè sọ fún yín pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni kò dáa lónìí. Ẹ má gbà á gbọ́ bí fóònù yín bá ń gbé 4G níbi tí ẹ dúró sí.

Ẹ máa ka orúkọ ẹ̀rọ náà dé òpin. Kí wọ́n kọ B315 nìkan kò tó, nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ló ń sọ ìlú tí wọ́n ṣe é fún. B315s-22 ní Band 1, 3, 7, 8 àti 20, ó bá wa mu. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ B315 náà, tí bándì wọn yàtọ̀ pátápátá. Bí ẹ bá ti rí orúkọ náà ní kíkún, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Google lórí fóònù yín níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, kí ẹ wo "LTE bands" rẹ̀, ìyẹn àwọn bándì 4G rẹ̀. Kò ní gbà yín ní ìṣẹ́jú méjì.

Bándì tí nọ́ńbà MHz rẹ̀ kéré máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń la ògiri kọjá. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga máa ń yára ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dá a dúró. Ẹni tó ń gbé láàárín ìlú, tí máàsì wà nítòsí rẹ̀, lè fi Band 3 àti 7 gbádùn ara rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlú lójú ọ̀nà oko, kò gbọ́dọ̀ ra èyí tí kò ní Band 20 tàbí 28. Ó tún ku irú ráútà kan tó jẹ́ Band 38, 40 tàbí 41 nìkan. Àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ló ń pín wọn fún oníbàárà wọn. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń lo bándì yẹn kò bá ní máàsì ní àdúgbò yín, òkúta lásán lẹ gbé wálé.

Ẹni tó bá ń lo síìmù tó rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì jù ní ilé rẹ̀ ló máa jẹ àǹfààní ráútà. Nítorí náà, kí ẹ tó jáde nílé, ẹ fi fóònù yín dán síìmù méjì tàbí mẹ́ta wò nínú pálọ̀, ní ọ̀sán àti ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ tí èrò máa ń pọ̀ lórí máàsì. Èyí tó bá yára ní aago mẹ́jọ alẹ́ ni kí ẹ gbé ìpinnu yín lé.

Ráútà tí wọ́n tì mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan

Ilé-iṣẹ́ tó bá ta ráútà ní ẹ̀dínwó sábà máa ń tì í mọ́ síìmù tirẹ̀. Ẹ ki síìmù mìíràn bọ̀ ọ́, á ní kí ẹ mú kóòdù wá. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ mú síìmù nẹ́tíwọ̀ọ̀kì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dání, kí dátà sì wà lórí méjèèjì. Bí ẹni tó ń tà á bá ní "kò sóhun tó ṣòro, a máa bá yín ṣí i," ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí i ná, màá sanwó bó bá ti gbé síìmù mi." Lórí Huawei, ẹ̀ẹ̀mẹwàá péré ni wọ́n lè tẹ kóòdù tí kò tọ̀nà kó tó tì pátápátá. Ẹnì kan lè ti lo mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ wo IMEI rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà. Nọ́ńbà 15 ni, ó wà lára ìwé ìdí rẹ̀, ó sì wà lójú ìwé ètò rẹ̀ lábẹ́ "Device information". Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹnì kan ti tú inú rẹ̀ tàbí kó ti fi ìwé ẹ̀rọ mìíràn lẹ̀ ẹ́, kò sì yẹ kí ẹ ra irú rẹ̀. Kí wọ́n kọ IMEI yẹn sórí rìsíìtì yín, torí ẹrù olè wà nínú àlòkù, ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ṣàlàyé.

Níwájú ṣọ́ọ̀bù

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ mú síìmù méjì, fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún, wáyà LAN kúkurú kan àti abẹ́rẹ́ dání. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sókè, ẹ mì í díẹ̀. Bí nǹkan bá ń ró nínú rẹ̀, ẹ béèrè ohun tó já. Ẹ gbé ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà sún mọ́ imú. Bí ó bá ń rùn bíi rọ́bà tó jóná, ó ti jóná rí nìyẹn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ihò yẹn kan náà: aáyán fẹ́ràn ráútà torí pé ó máa ń gbóná, ìgbẹ́ wọn àti ìtọ̀ ọmọńlé sì máa ń jẹ irin inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọn kóró dúdú wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Ojú ibi tí síìmù ń wọ̀ ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Ẹ tan iná sí i, kí ẹ ka irin wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ìkankan má tẹ̀, kí ìkankan má sì sọnù. Ohun tó ń ba ibẹ̀ jẹ́ ni ike tí wọ́n fi ń sọ síìmù kékeré di ńlá. Bí wọ́n bá ki ike náà bọ̀ ọ́ láìsí síìmù nínú rẹ̀, tàbí tí wọ́n bá fi agbára fà á jáde, á fa irin náà dání. Ráútà bẹ́ẹ̀ á ka síìmù lónìí, á ní "No SIM" lọ́la.

Ẹ tan án wàyí. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ Reset fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá títí iná rẹ̀ fi máa kú tó sì tún padà. Èyí máa nu ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe sínú rẹ̀. Ẹ fi Wáífáì wọ̀ ọ́, ẹ ṣí 192.168.8.1 bí ó bá jẹ́ Huawei. Bí ojú ìwé náà bá béèrè páásíwọ́ọ̀dù tí kò sí lára ìwé ìdí rẹ̀, tí ẹni tó ń tà á kò sì mọ̀ ọ́n, Reset kò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ ki síìmù kìíní, lẹ́yìn náà èkejì. Ẹ so wáyà LAN mọ́ lápútọ́ọ̀pù ẹni tó ń tà á, ẹ dán gbogbo ihò rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí mànàmáná sábà máa ń pa ihò kan kó fi ìyókù sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kó wà lórí iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí fídíò máa ṣí lórí fóònù yín láti inú rẹ̀. Àlòkù tó ní àìsàn kì í sábà fi hàn ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Ó dìgbà tó bá gbóná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀ tan ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹ dúró tó bẹ́ẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ní ti iye owó, àwa kì í gbà kí àlòkù kọjá ìdajì iye tí tuntun rẹ̀ ń lọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ béèrè ti tuntun ní ṣọ́ọ̀bù méjì kí ẹ tó dúnàádúrà. Bí kò bá ní ṣájà tirẹ̀, kí wọ́n yọ owó ṣájà kúrò.

Ṣájà

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, torí òun ló ń pa ráútà àlòkù jù. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Níwájú INPUT, ẹ wá 100–240V. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ti Amẹ́ríkà ni. Iná wa jẹ́ 230V, ẹ kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, èéfín ni. Àwọn ṣájà Amẹ́ríkà àtijọ́ tó wúwo bí òkúta ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Níwájú OUTPUT, kí fólítì rẹ̀ bá ti ìdí ráútà mu gẹ́lẹ́. B310 àti B315 ń lo 12V. Ẹ̀rọ mìíràn ń lo 9V tàbí 5V. Ẹni tó bá ki 12V bọ ẹ̀rọ 5V ti pa á. Áńpíà ní tirẹ̀ lè ju ohun tí ráútà béèrè lọ, kò gbọ́dọ̀ dín sí i. Ráútà tó fẹ́ 1A, tí wọ́n wá fún ní 0.5A, á tàn dáadáa, á sì kú nígbà tí èèyàn mẹ́ta bá jọ ń wo fídíò, nítorí ìgbà yẹn ló ń jẹ iná jù. Ọ̀pọ̀ ráútà tí wọ́n ní "ó ń kú fúnra rẹ̀" ni kò ní àìsàn kankan ju ṣájà tó rẹ̀ lọ. Ẹ tún wo àwòrán róbótó kékeré tó ní àmì + àti −: kí + wà láàárín bíi ti ráútà.

Tí nẹ́pà bá mú iná lọ, ẹ yọ ṣájà kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá padà dé, ó lè kọ́kọ́ dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìyẹn ló ń jó o. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó tún un kì. Ẹni tó bá fẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì máa lọ lásìkò òkùnkùn lè lo bátìrì 12V. Bátìrì 7Ah ní agbára 84 Wh. Bí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ kó má bàa tètè kú, tí ráútà sì ń jẹ nǹkan bíi wáàtì mẹ́fà, á gbé e fún wákàtí méje. Ṣùgbọ́n ẹ má so bátìrì náà mọ́ ráútà tààrà nígbà tí sólà bá ń gba agbára sí i, nítorí fólítì rẹ̀ máa ń kọjá 14 nígbà yẹn. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń dín fólítì kù, kí wọ́n ṣètò rẹ̀ sí 12V, kí ó wà láàárín wọn.

Lẹ́yìn tó dé ilé

Síìmù tí ẹ máa lò, orúkọ yín àti NIN yín ni kó wà lórí rẹ̀. Ẹ má gba síìmù tí wọ́n bá nínú ráútà náà. Ẹ tún un tẹ Reset, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù "admin" padà, ẹ yí orúkọ Wáífáì àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ààbò rẹ̀ jẹ́ WPA2, kí ẹ sì pa WPS tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọlé láìtẹ páásíwọ́ọ̀dù. Bí ẹ kò bá yí ti "admin", ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fún ní Wáífáì lè wọlé lọ yí ohun tó bá wù ú.

Ẹ wá ṣí ibi tí wọ́n kọ RSRP (agbára ìgbì tó ń dé láti máàsì) àti SINR (bí ìgbì náà ṣe mọ́ tó láàárín ariwo) sí lójú ìwé ètò. Iye ọ̀pá tó hàn lára ráútà kò sọ púpọ̀, nọ́ńbà wọ̀nyí ló ń sọ òótọ́. RSRP tó wà ní nǹkan bíi −80 dBm dára gan-an, −100 ṣì ṣeé lò, bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju −110 lọ, á máa já. SINR tó ju 20 lọ ni ó dáa jù, èyí tó bá wọ ìsàlẹ̀ òdo á máa fà gan-an bí ó ti wù kí ọ̀pá kún tó. Ẹ gbé ráútà náà sí ojú fèrèsé kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí fèrèsé mìíràn. Láti fèrèsé ọ̀nà iwájú sí ti ẹ̀yìn, ìyàtọ̀ rẹ̀ lè tó dBm mẹ́wàá nínú ilé kan náà. Ẹ má gbé e sábẹ́ páànù, ẹ má sì gbé e sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí fìríìjì.

Bí gbogbo fèrèsé bá kọ̀, eríàlì ìta ló kù. B310 àti B315 ní ihò méjì fún un, SMA ni. Ẹ má ra ti RP-SMA tí wọ́n ṣe fún Wáífáì: á yí wọlé bí ẹni pé ó bá a mu, ṣùgbọ́n kò ní irin àárín, kò sì ní fi kan ohunkóhun. Méjèèjì ni kí ẹ so, kí wáyà wọn má gùn ju mítà márùn-ún lọ, torí wáyà gígùn ń jẹ agbára tí eríàlì ń kó wá. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku kúrò ní ojú ihò afẹ́fẹ́ ráútà náà lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Eruku yẹn ló ń dá ooru dúró sínú rẹ̀.